Mo ní kó má sọ oyún ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó wá ń palẹ̀mọ́ láti lọ jà

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Padova, ní Italy níbí, mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo ṣe ń tẹ èyí lórí fóònù, ọmọ mi kékeré wà lẹ́yìn mi, ó ti sùn lọ, mi ò sì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ torí ìwúwo ẹ̀ nìkan ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mi ò pa èèyàn o. Mi ò jalè, mi ò yan àlè. Ìmọ̀ràn ni mo fún ọmọ ọlọ́mọ, ìmọ̀ràn tí ìyá mi fún mi, tí ìyá ọkọ mi náà fún mi, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ nílé yín rí... òun ló wá fẹ́ di ẹ̀jẹ̀ sí mi lọ́rùn báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ọmọ Ìwó ni mí, secondary school ni mo kà dé kí n tó wá bá ọkọ mi níbí. Ọmọ méjì ni mo bí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ó ń kó ẹrù, a sì ń gbé ní Arcella níbí, nínú palazzo kan tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹsẹ̀ ni gbogbo wa fi ń gun àtẹ̀gùn. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Jovi, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an. Ọmọ Philippines ni, orí wa lókè gan-an ló ń gbé. Kò tíì tó ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, mo fi díẹ̀ jù ú lọ, Ate ló sì ń pè mí. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin nìyẹn lédè wọn.

Bí a ṣe mọra, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, kò sí ìyá tó lè wá bá mi wẹ ọmọ, wọn ò fún ìyá mi ní visa, orí video ni wọ́n ti ń kọ́ mi. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun nílé wa. Ká fi òróró pa á, ká na apá, ká na ẹsẹ̀, ká gbé apá ọ̀tún lọ pàdé ẹsẹ̀ òsì, ká fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé e kó dorí kodò, ká wá jù ú sókè fìì kí ẹ̀rù má máa bà á tó bá dàgbà. Ọmọ ń ké, ìyá mi ń pariwo nínú fóònù pé kí n nà án dáadáa, ilé gbóná, mo ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, obìnrin kékeré kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì léjìká, èmi sì rèé, mo di ọmọ tuntun mú lẹ́sẹ̀ bí ẹni di adìyẹ mú. Mo ní ó ti parí, èyí máa pe assistente sociale, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọ, wọ́n máa gba ọmọ mi. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín! Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní bí coach àwọn ṣe máa ń na àwọn nìyẹn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, apá yìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí gan-an, ó ní ṣé gymnast ni èmi náà fẹ́ fi ọmọ yìí ṣe ni? Ló bá bọ́ bàtà, ó fi ọwọ́ rìn láti ẹnu ọ̀nà mi dé inú kitchen, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lókè, ìyá mi ń wò ó nínú fóònù, wọ́n ní, "Ta lẹni òkìtì yìí?" Ọmọ mi àgbà ń patẹ́wọ́, ó ní kó tún un ṣe, "Ancora! Ancora!" Láti ọjọ́ náà ló ti di ará ilé wa. Ó máa ń bá mi gbé ọmọ, ó máa ń jẹ ìrẹsì ata mi tí imú ẹ̀ á máa dà, tó bá sì ti lọ síbi ìjà, torí ìjà kickboxing ló ń jà, èmi ni mo máa ń bá a bomi rin àwọn òdòdó ẹ̀.

Ẹ ẹ̀ rí i, òkìtì títa ló fi bẹ̀rẹ̀ ayé ẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un lọ sílé kan ní Manila tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ṣì yi bíi tàgbẹ̀ títí dòní. Ìyá ẹ̀ ti wà ní Torino látìgbà yẹn, ó ń tọ́jú arúgbó kan, orí fóònù ló ti ń tọ́ ọmọ. Ohun tí Jovi sọ fún mi nípa ibẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé ni pé wọ́n kọ́ wọn pé tó bá dùn ọ́, rẹ́rìn-ín. Tó o bá ṣubú, dìde, nàyà, gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí o wá rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń fún ẹ ní máàkì. Kódà kí eegun ti yẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyá ẹ̀ mú un wá sí Torino. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta òkìtì níbẹ̀, ó dáa ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n tí ìdíje tó lórúkọ bá dé, wọ́n á ní kò ní cittadinanza, ìwé ọmọ onílùú, àwọn tí òun fúnra ẹ̀ ń kọ́ ló máa lọ, òun á wà lórí àga. Ó fara dà á. Lọ́jọ́ kan ó balẹ̀ lódì, orúnkún ẹ̀ já, ìgbà tó fi máa san, ìdí ti yọ, ọyàn ti yọ, coach ní ó ti dàgbà jù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Ẹ gbọ́ mi ná, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá òun tọ́jú ilé onílé, òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí òun bá rí òkìtì lórí telifíṣọ̀n, òun á pa á. Ìgbà tó yá ni àwọn èèyàn wọn kóra jọ sí parco kan, ọgbà ìgbafẹ́, lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń ya fọ́tò, àwọn ọmọ kéékèèké ní kó ta òkìtì fún àwọn, ó bá ta á. Ọkùnrin Italian kan tó ń fa ajá kọjá dúró. Ó ní báwo lo ṣe balẹ̀ láìsí ariwo yẹn? Kickboxing ni ọkùnrin yẹn ń kọ́ èèyàn, òun ni gbogbo wọn ń pè ní Maestro. Nígbà tó wá ṣí palestra, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ìjà, sí Padova níbí, Jovi tẹ̀lé e wá. Láàárọ̀, á lọ tọ́jú ilé fún àwọn èèyàn, tó bá di ọ̀sán, ó di palestra.

Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ yẹn mọ ìjà jà! Mo ti bá a lọ sí Treviso, mo ti bá a lọ sí Reggio Emilia, mo pọn ọmọ lọ. Á fò sókè, á yí po nínú afẹ́fẹ́, kí ẹni tó ń bá a jà tó mọ ibi tó wà, ẹsẹ̀ ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá ti wá balẹ̀, kì í mọ̀ pé ìjà lòun ń jà, á nàyà, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á rẹ́rìn-ín bí àwọn ọmọ olókìtì, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín, referee náà á máa rẹ́rìn-ín. Ní Asti, obìnrin tó bá jà ló fún un ní ẹ̀ṣẹ́ kan tí ètè ẹ̀ fi là, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì pàdánù látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Báyìí, àwọn kan ń ti Philippines bọ̀ wá sí Torino ní Saturday yìí, wọ́n fẹ́ wo àwọn ọmọ wọn tó wà ní Europe kí wọ́n lè mú àwọn tó máa bá wọn jà lórúkọ ìlú wọn. Gbogbo ayé Jovi ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ate, Italy ò fẹ́ mi, ilé ti gbàgbé mi, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù." Mo sunkún nígbà tó sọ ọ́. Mo ní Ọlọ́run á ṣí i fún ẹ.

Ó wá lóyún.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí òun tó mọ̀. Mo ń dín ẹja, ó jókòó ti ọmọ mi, ló bá dìde sáré, ó lọ bì. Mo wo ọrùn ẹ̀, mo wo bó ṣe ń tutọ́, mo ní Jovi, ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù ẹ kẹ́yìn? Ó ní àwọn tó ń jà kì í rí i déédéé. Mo ní dìde, a ń lọ sí farmacia lọ ra test oyún. Inú ilé ìwẹ̀ mi ló ti ṣe test yẹn, ìlà méjì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ti lọ ṣiṣẹ́ ní Germany, wọ́n ti jà kó tó lọ. Mo bi í pé kí lo fẹ́ ṣe? Ó ní kò sí pé òun á ṣẹ́ ẹ, òun fẹ́ ọmọ òun. Inú mi dùn. Mo gbá a mọ́ra. Ibẹ̀ ni mo wá ti la ẹnu mi yìí...

Mo ní Jovi, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni! Kì í ṣe ìyá ẹ, kì í ṣe Maestro, kì í ṣe àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì yín. Mo ní lọ́dọ̀ wa, a kì í pariwo oyún, tó bá yọ, wọ́n á fi ojú ara wọn rí i, torí ojú ayé pọ̀. Mo sọ ti èmi fún un. Oyún mi àkọ́kọ́ ní ìlú yìí, inú mi dùn, mo ya ikùn mi tí kò tíì yọ, mo gbé e sí Facebook, gbogbo èèyàn ń kí mi kú oríire, kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó wálẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pè wọ́n wá wò ó. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó tẹ̀lé e, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì dúró. Jovi ń wò mí, ojú ẹ̀ tóbi. Ó ní ìyá àgbà òun náà máa ń sọ ọ̀rọ̀ ojú burúkú. Ó dì mí mú, ó ní kí n búra pé èmi náà ò ní sọ. Mo fi Kùránì búra. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi Kùránì búra!

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Lọ́kàn mi, ó ti jáwọ́ nínú ìjà nìyẹn. Ta ló ń gbé oyún lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ìpá? Ó yé mi débi pé mi ò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde. Mo rò pé á sọ fún Maestro pé orúnkún ló ń dun òun, á jókòó sílé, oyún á máa dàgbà ní bòókẹ́lẹ́. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lójoojúmọ́, mo rò pé iṣẹ́ ló ń lọ. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo rí i nínú ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé, ó fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń kó pàǹtí wọ sábẹ́ aṣọ, ó ń sáré kó lè làágùn, kó lè fúyẹ́ dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Mo sáré bá a, mo di ọ̀rá yẹn mú, mo ní Jovi, kí lò ń ṣe? Ó ní, "Ate, ìwọ náà lo sọ pé ká dúró dìgbà tó bá yọ. Kò ní tíì yọ ní Saturday." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni tó ń ṣe ohun tí mo rán an. Mo wá sọ pé èyí kọ́ ni mo ní lọ́kàn, mo ní wọ́n máa ta á nípàá níkùn, ọmọ máa bọ́. Ó ní kò sí ẹni tó ń rí òun tà níkùn. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, òun á jà, òun á borí, wọ́n á mú òun, lẹ́yìn náà òun á bí ọmọ òun, òun á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní mélòó nínú àwọn gymnast ló ń rí ilẹ̀kùn kejì?

Mo gbé àwọn ọmọ, mo tẹ̀lé e lọ sí palestra lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí n lọ fi ojú ara mi rí i. Ó ń bá obìnrin kan tó sanra jù ú lọ jà, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ ńlá, Maestro ń pariwo sí wọn. Ó ń yẹ̀ ẹ́, ó ń yẹ̀ ẹ́, mo ní bóyá òótọ́ ni, bóyá wọn ò lè rí i tà. Ni obìnrin yẹn bá gbé ẹsẹ̀, gbì! Ikùn. Ikùn gan-an. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo pé "Yéè! Ikùn ẹ̀ o!" Gbogbo ilé yíjú sí mi. Jovi ti ká kò... ó wá dìde, ó nàyà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! Wọ́n ń patẹ́wọ́ fún un. Èmi nìkan ni mo mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́. Ọmọ mi fa aṣọ mi, ó ń bi mí pé kí ló dé tí mo ń sunkún, "Mamma, perché piangi?" Maestro fúnra ẹ̀ wá bá mi, ó ní Signora, ṣé kò sí nǹkan? Ó dúró síwájú mi o, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irun funfun, ó ń wo ojú mi. Jovi náà ń wo ojú mi lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní ọmọ ló tọ̀ sí mi lára. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, ó ní mo rí i pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀, tí kò bá jẹun dáadáa nílé kí ẹ pè mí. Nọ́ńbà yẹn wà nínú fóònù tí mo fi ń kọ èyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jovi kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní òun rí ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ni, bí orí abẹ́rẹ́. Mo ní a ń lọ sí pronto soccorso, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ní ọsibítù, báyìí, mo ti ń wọ bàtà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní tí òun bá lọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, Maestro á mọ̀, ó parí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà ti dúró. Mo se ògì fún un, mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé ìrọ̀rí, mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Títí di àsìkò yìí, kò tún rí òmíràn, ìyẹn lóun sọ. Ṣé kí n gbà á gbọ́? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ wà lórí page yìí, ṣé ẹ̀jẹ̀ á kàn wá, á kàn lọ bẹ́ẹ̀?

Mo gbìyànjú kí n fi ọgbọ́n bi ọkọ mi. Mo ní daddy àwọn ọmọ, tí obìnrin kan bá lóyún, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́ ẹ̀, ṣé ẹni tó bá a bò ó mọ́lẹ̀ jẹ̀bi? Ọkùnrin yìí gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo ikùn mi, ẹ̀rín gba gbogbo ojú ẹ̀. Mo ní kì í ṣe èmi o! Ó ní, "Mo gbọ́. Kì í ṣe ìwọ. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan." Látìgbà yẹn, kò jẹ́ kí n gbé omi gun àtẹ̀gùn mọ́. Ìyá ẹ̀ pè mí láti Ìwó, wọn ò sọ pé nítorí kí ni, àdúà ni wọ́n ń ṣe ṣáá, pé ẹrù á sọ̀ láyọ̀. Mo sẹ́ ẹ títí ẹnu fi ro mí, bí mo ṣe ń sẹ́ ẹ ni wọ́n ń gbà á gbọ́ sí i, torí nílẹ̀ wa, ṣebí ẹni tó lóyún ló máa ń sẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Ibi tí ìmọ̀ràn mi bá mi dé rèé, òótọ́ ń jáde lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Èyí tó wá fọ́ mi lórí ni tàná. Jovi ní wọ́n ti sọ pé dókítà á wà níbẹ̀ ní Torino, gbogbo obìnrin tó fẹ́ jà ló máa mú ìtọ̀ wá kí wọ́n fi ṣe test. Ó gbé ìgò kékeré kan lé ọwọ́ mi, ó ní, "Ate, bá mi tọ̀ sí i." Ìtọ̀ mi! Ẹ̀yin èèyàn, níbo ni wọ́n ti ń fi ìtọ̀ tọrẹ? Irun orí mi gan-an, mi ò jẹ́ kí wọ́n gbá a síta láìsun ún o, kí n wá fi ìtọ̀ mi fún èèyàn gbé wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Torino? Ẹ̀rù ìyẹn lọ́tọ̀, ẹ̀rù ìjọba lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìtọ̀ mi ni, permesso wa, ìwé ìgbélùú wa, ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Mo ní Jovi, mi ò lè ṣe é. Kò bá mi jà. Ká ní ó bá mi jà ni, ì bá sàn. Ó kàn gbé orí lé èjìká mi, ó ní òun mọ̀ pé mi ò ní jẹ́ kí wọ́n tún sọ fún òun pé ó ti parí. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò tíì fi nǹkan kan sí i. Mi ò sì tíì dá a padà.

Ní báyìí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n pe Maestro? Á dá a dúró lẹ́sẹ̀ kan náà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo mọ̀ láyé, tí ọ̀rọ̀ bá jáde, ó mọ ẹnu tó ti jáde. Á di pé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, èmi tí ó ń pè ní Ate. Ìbúra tí mo fi Kùránì búra náà ńkọ́, ṣé ẹ̀yin alfa inú page yìí á ní ó ṣeé dá? Àbí kí n pe ìyá ẹ̀? Ìyá yẹn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti sọ fún gbogbo àwọn Philippines tó wà ní Torino pé kí wọ́n wá wo ọmọ òun, wọ́n ti ń se oúnjẹ sílẹ̀. Àbí kí n sọ fún Jovi pé mi ò ní tọ̀ ọ́, kí n dákẹ́? Àmọ́ tó bá rí ìtọ̀ ẹlòmíràn ńkọ́? Ó lè rí i! Á wá lọ, èmi á wà níbí, wọ́n á ta á nípàá, á dìde, á rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé á patẹ́wọ́, kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó máa mọ̀ pé ọmọ ń kú. Mo mọ bó ṣe rí kí ó wálẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé. Kò sí òkìtì tí èèyàn fi ń dìde ńbẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ bú mi pé kí ló gbé mi débẹ̀, mo ti bú ara mi. Ẹ má sì sọ pé kí n gbàdúà nìkan, mo ń gbà á. Ọ̀la ni ọkọ̀ ojú irin wọn, ó sì ti gba tíkẹ́ẹ̀tì tèmi náà, ó ní èmi ni òun fẹ́ kó bá òun gbé báàgì. Mo ṣí WhatsApp Maestro, mo kọ "Maestro, buongiorno, Jovi è," ó ku kí n kọ pé ó lóyún, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́.

Voice note ẹ̀ ló tún wọlé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń mí gúlegúle, orí àtẹ̀gùn ló wà. Ó ní, "Ate, mo ti ń rò ó, tó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ ẹ ni mo máa sọ ọ́."

Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, kí ni kí n sọ fún un?